Ṣé ó yẹ kí n sọ ìbọn .303 mi di ìbọn ọta ológun olówó pọ́ọ́kú?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Houston ni mo ń gbé. Mo ra ìbọn Lee-Enfield No. 4 kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ bàbá ìyàwó mi. Savage ni ó ṣe é, wọ́n sì kọ 'U.S. PROPERTY' sí ara rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ọta .303 ti wọ́n jù, ẹyọ kan ju dọ́là kan lọ. Ẹnì kan ní pápá ìyìnbọn sọ fún mi pé orí ọta .303 àti ti ọta Rọ́ṣíà 7.62x54R kò yàtọ̀ síra, àti pé bí wọ́n bá ti fẹ ilé ọta ìbọn mi (ihò tí ọta ń wọ̀ ní ìdí ọ̀pá) díẹ̀ sí i, yóò máa yin ọta ológun àtijọ́ tí ó wà nínú agolo lọ́wọ́ òun. Ẹlòmíràn ní kí n kúkú sọ ọ́ di 7.62x51 ti NATO. Èwo ni kí n ṣe?"

Ìdáhùn: Mo kí yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ béèrè kí ẹ tó gbé ìbọn náà lọ fún alágbẹ̀dẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ ilé ọta ìbọn yẹn fún 7.62x54R, nítorí pé iṣẹ́ náà kò lè dára, ó sì lè gba ojú lọ́wọ́ yín. Ní ti 7.62x51, ó ṣeé ṣe, àwọn ìjọba kan sì ti ṣe é tí ó dára, ṣùgbọ́n n kò rò pé ó yẹ kí ẹ ṣe é sí ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ yín yìí. Ọdún 29 ni mo ti fi ń tún ìbọn ṣe, àwọn tí wọ́n sì ti béèrè irú ìbéèrè yìí lọ́wọ́ mi kò lóǹkà, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ ṣe àlàyé ìdí rẹ̀ dé ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ rà. Ìlú Chicopee Falls ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ni ilé-iṣẹ́ Savage ti ṣe ìbọn náà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí kò lè dá ṣe ìbọn tó fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kò tà á fún wọn, ṣe ni ó yá wọn lò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ ọ́ sí i pé ohun ìní Amẹ́ríkà ni. Bí ẹ bá wo nọ́ńbà rẹ̀, ẹ ó rí lẹ́tà C láàárín àwọn nọ́ńbà, C yẹn sì dúró fún Chicopee. Èyí tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ. Ọta .303 yìí náà ni àwọn bàbá wa tí wọ́n lọ sí Boma gbé dání nínú ìbọn Lee-Enfield, àwọn àgbà tí wọ́n sì rántí ọlọ́pàá ayé àtijọ́ nílé yóò mọ No. 4 sí "Mark Four". N kò sọ èyí láti fi mú yín láyà jẹ̀lẹ́ńkẹ́. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tí alágbẹ̀dẹ bá gé kúrò lára irú ìbọn bẹ́ẹ̀, kò sí ilé-iṣẹ́ kankan mọ́ tí yóò tún un ṣe padà.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ 7.62x54R. Ohun tí ó mú kí ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín dùn-ún gbọ́ ni pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀: orí ọta méjèèjì fẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 7.9, ìdí ọta méjèèjì sì ní ètè tí ó yọ síta. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo orí ọta nìkan kò tí ì wo ọta. Ọdẹ tí ó ń lo ṣakabùlà nílé wa, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń wọn ẹ̀tù, òun ni ó sì mọ iye tí irin rẹ̀ lè gbà. Nínú ọta òde òní, ilé-iṣẹ́ ni ó ti wọn ẹ̀tù náà sílẹ̀, fún ilé ọta kan pàtó tí gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀ ju ìwọ̀n irun orí díẹ̀ lọ. Bí ẹ bá yin ìbọn, ẹ̀tù á jó, ìkarahun idẹ á wú títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ọta, ògiri irin yẹn ni ó sì ń gbà á dúró, nítorí pé idẹ fúnra rẹ̀ kò lágbára tó láti pa irú ipá bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Níbi tí kò bá ti sí irin lẹ́yìn idẹ, idẹ á ya. Bí ó bá ya, afẹ́fẹ́ gbígbóná inú rẹ̀ á wá ọ̀nà àtijáde, ẹni tí ó tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ ìdí ìbọn ni ó sì sún mọ́ ọn jù lọ.

Ẹ wá wo ìwọ̀n wọn. Ìkarahun .303 gùn ní mílímítà 56.4, ti 7.62x54R sì gùn ní 53.7. Ti Rọ́ṣíà kúrú jù, ṣùgbọ́n ó sanra jù láti ìdí títí dé èjìká, èjìká rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ti .303. Èyí túmọ̀ sí pé ibi tí ọrùn ọta Rọ́ṣíà ti bẹ̀rẹ̀, tí ó ti tín-ín-rín, ilé ọta .303 ṣì fẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ara ìkarahun .303 ni wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ fún. Alágbẹ̀dẹ lè fi irin ìgbẹ́ fẹ ẹ̀yìn ilé ọta náà kí ọta Rọ́ṣíà lè wọlé, bóòtù (irin tí ń ti ìdí ọta mọ́ inú ìbọn) á sì tì, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé iṣẹ́ ti parí. Àmọ́ àlàfo kan á ṣì wà yí ọrùn ọta náà ká tí kò sí irin níbẹ̀, irin ìgbẹ́ kò sì lè fi irin kún ibi tí irin kò sí. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí a gé ìdí ọ̀pá ìbọn kúrò, kí a lọ́ ọ mọ́ ara ìbọn lọ́tun, kí a sì gbẹ́ ilé ọta tuntun, tàbí kí a pààrọ̀ ọ̀pá náà pátápátá. Ẹ rí i pé èyí ti jìnnà sí "fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i".

Ọ̀pá nìkan kọ́. Ètè ìdí ọta .303 fẹ̀ ní mílímítà 13.7, ti Rọ́ṣíà fẹ̀ ní 14.4, nítorí náà orí bóòtù gbọ́dọ̀ di fífẹ̀, èékánná tí ń fa ìkarahun jáde gbọ́dọ̀ di títún ṣe, mágásíìnì náà (àpótí ọta tó wà lára ìbọn) kò sì ní gba ọta tí ó sanra jù bẹ́ẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ipá. Ìgbìmọ̀ CIP tí ń ṣe àkóso ìwọ̀n ọta àti ìdánwò ìbọn ní Yúróòpù fi ìwọ̀n ipá tí ó pọ̀ jù lọ fún .303 sí bar 3,650, ti 7.62x54R sí 3,900, ti .308, èyí tí í ṣe ìbejì 7.62x51 lọ́dọ̀ àwọn aráàlú, sí 4,150. Bóòtù Lee-Enfield kò dà bí ti ìbọn Mauser ti Jámánì. Etí tí ó fi há mọ́ ara ìbọn wà lẹ́yìn, kò sí níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ọta. Nígbà tí ọta bá dún, gbogbo gígùn bóòtù náà ni ó ń fún pọ̀, tí ara ìbọn sì ń nà, díẹ̀ díẹ̀ tí ojú kò lè rí. Fún .303 tí wọ́n ṣe é fún, kò sí ewu, ọ̀pọ̀ ọdún ogun ti jẹ́rìí sí i. Bí ipá bá ti ń pọ̀ sí i, ó di dandan kí ẹni tí ó mọ irin yẹ ara ìbọn náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó fọwọ́ sí i.

Ẹ ó bi mí pé, ṣebí àwọn ìjọba ṣe é? Bẹ́ẹ̀ ni, mo sì fẹ́ kí a fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ṣe é, torí ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè yín wà.

Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè NATO gba ọta 7.62x51 wọlé ní ọdún 1954, ìbọn ogun àtijọ́ kún àká gbogbo wọn, ọta tuntun ni ilé-iṣẹ́ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbìyànjú láti sọ No. 4 bí irú tiyín yìí di 7.62x51, wọ́n pè é ní L8, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń bà kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì pa á tì. Lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ ìjọba ní Enfield tún iṣẹ́ náà gbé yẹ̀ wò: ìbọn No. 4 (T) ni wọ́n mú, èyí tí wọ́n ti fara balẹ̀ yàn fún àwọn ayìnbọn tí ń dọdẹ ọ̀tá lọ́nà jíjìn, wọ́n fi ọ̀pá tuntun tí ó nípọn sí i, èékánná tuntun àti mágásíìnì tuntun, wọ́n sì pè é ní L42A1. Ìbọn náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbé e lọ sí ogun Falklands ní ọdún 1982. Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n ṣe: wọ́n yan ara ìbọn tí ó dára jù, wọn kò fẹ ilé ọta àtijọ́, gbogbo ohun tí ó kan ọta ni wọ́n pààrọ̀, wọ́n sì dán an wò lábẹ́ ipá tí ó ju ti ọta gidi lọ kí wọ́n tó fi lé ọmọ ogun lọ́wọ́.

Orílẹ̀-èdè Íńdíà lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ogun tí wọ́n bá Ṣáínà jà ní ọdún 1962, wọ́n fẹ́ ìbọn púpọ̀ ní kíákíá tí yóò máa yin 7.62x51. Wọn kò mú ìbọn .303 àtijọ́ kí wọ́n máa gé e. Ṣe ni wọ́n fi irin tí ó le jù rọ Lee-Enfield tuntun láti ìpìlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Ishapore, ìyẹn ni 2A1. Èmi ka èyí sí ìwà ọgbọ́n tí ó ga jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí.

Ísírẹ́lì náà ní ìbọn Mauser tí ó pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti Czechoslovakia ní ọdún 1948. Nígbà tí wọ́n yí wọn padà sí 7.62x51, ọ̀pá tuntun ni wọ́n fi sí i, wọ́n tẹ "7.62" sí orí irin, wọ́n sì tún fi iná jó o gàdàgbà sí ara igi ìdí ìbọn, kí ọmọ ogun tí oorun ń kùn má bàa fi ọta àtijọ́ sí i. Ní Sípéènì, wọ́n yí ìbọn kékeré wọn ti 1916 padà sí 7.62, bẹ́ẹ̀ etí bóòtù méjì péré ni irú ìbọn yẹn ní, kò ní etí kẹta tí Mauser 98 ní fún ààbò. Àwọn ènìyàn ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀ títí di òní. Ní tèmi, n kò jẹ́ yin .308 nínú rẹ̀, n kì í sì í gbà á wọlé fún àtúnṣe àyàfi bí olówó rẹ̀ bá fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri.

Èyí tí ó jọ ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín jù lọ ni ti ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960. Ìbọn Garand tí wọ́n ní, ọta .30-06 ni ó ń yin, ọta náà sì gùn ju 7.62x51 lọ. Dípò kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀pá, wọ́n fi òrùka irin kékeré kan há inú ilé ọta kí ó lè kúrú. Ó dà bí ọgbọ́n, owó díẹ̀ ni ó ná wọn. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bí ìkarahun bá ń jáde, òrùka náà á bá a jáde, ọta tí ó bá tún wọlé á sì bá ara rẹ̀ nínú ilé tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ọ̀pá tuntun ni wọ́n padà fi sí àwọn yòókù. Ọmọ ogun ojú omi tí ó ní ẹ̀rọ, owó àti onímọ̀ irin kò rí ọ̀nà àbùjá náà gbà, mi ò sì rò pé pápá ìyìnbọn ní Houston ni a ó ti rí i.

Gbogbo àwọn ìjọba yìí ní ohun kan tí ẹ̀yin àti èmi kò ní: àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń rọ ọta náà. Nígbà tí wọ́n yí ìbọn padà, wọ́n mọ̀ pé ọta rẹ̀ á wà fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún. Wọn kò lé ọta lọ sí ọjà.

Èdè wa ti sọ ọ̀rọ̀ yìí tán kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí owó rẹ̀ kò ga ni à ń pè ní ọ̀pọ̀, ohun tí owó rẹ̀ ga ni à ń pè ní ọ̀wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń sọ iye owó àti bí nǹkan ṣe pọ̀ tó. Ọta ológun àtijọ́ kò pọ́ọ́kú nítorí pé ó rọrùn láti rọ. Ó pọ́ọ́kú nítorí pé ìjọba kan rọ ọ́ fún ogun tí kò wáyé, ó sì fẹ́ kó àká rẹ̀ kúrò. Kò sí ẹni tí ń rọ òmíràn sí ipò rẹ̀. Agolo tí ẹ bá ṣí lónìí ti dín iye tí ó kù láyé kù, yàtọ̀ sí pé òfin lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójijì. Ní ọdún 1994, ìjọba Ààrẹ Clinton fòfin de kíkó ìbọn àti ọta wọlé láti Ṣáínà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, àjọ ATF, tí ń rí sí òfin ìbọn ní Amẹ́ríkà, fòfin de kíkó ọta Rọ́ṣíà 5.45x39 tí wọ́n ń pè ní 7N6 wọlé, wọ́n ní irin tí ó wà nínú rẹ̀ sọ ọ́ di ọta tí ń gún ẹ̀wù ìhámọ́ra, nítorí pé ìbọn ìléwọ́ kan ti wà tí ó lè yin ín. Ní ọdún 2021, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kéde pé àwọn kò ní fúnni ní ìwé àṣẹ tuntun mọ́ láti kó ìbọn àti ọta wọlé láti Rọ́ṣíà, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án. Ìgbà mẹ́ta nìyẹn láàárín ọdún 27, ní ìgbà kọ̀ọ̀kan sì ni ilẹ̀kùn tì mọ́ ọta tí àwọn ènìyàn ti ra ìbọn nítorí rẹ̀.

Èmi gan-an wà lára wọn ní ọdún 2014. Ọdún 2010 ni mo ra apá òkè ìbọn AR-15 (apá tí ọ̀pá wà lára rẹ̀, tí a lè yọ kí a fi òmíràn sí i) tí wọ́n ṣe fún 5.45x39, nítorí pé agolo 7N6 wà níbi gbogbo, ọta 1,080 ni ó ń wà nínú agolo kan, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti 5.56 tí AR-15 sábà máa ń yin lójú mi nígbà náà. Mo ra agolo mẹ́ta. Mo yìnbọn títí ó fi tẹ́ mi lọ́rùn, inú mi dùn. Lẹ́yìn ọdún 2014, apá òkè yẹn wọ inú àpótí, ibẹ̀ ni ó sì wà. Ìtùnú tí mo ní ni pé n kò gé nǹkan kan: mo fi apá òkè ti tẹ́lẹ̀ padà sórí ìbọn láàárín ìṣẹ́jú kan, ó sì dà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ká ní ọ̀pá tí bàbá kan gbé dé láti ojú ogun ni mo gé ní tìtorí ọta yẹn, kí ni mo fẹ́ sọ?

Ẹ jẹ́ ká tún ṣírò owó. Ká ní ọ̀pá tuntun, owó iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ àti mágásíìnì jẹ́ 700 dọ́là, ká sì ní ọta tuntun náà fi 50 sẹ́ǹtì dín sí .303. Ẹ gbọ́dọ̀ yin ọta 1,400 kí ẹ tó gba owó yín padà. Ẹni tí ó ń lọ sí pápá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí ó ń yin bí 200 lọ́dún, ọdún méje ni ìyẹn. N kò sì tí ì ka iye tí ìbọn yín yóò pàdánù lójú àwọn tí ń kó ìbọn àtijọ́ jọ, tí wọn kì í fẹ́ kí ọwọ́ kan án.

Opó kan gbé ìbọn ọkọ rẹ̀ wá bá mi ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn kí n bá a tà á. Lee-Enfield ni, ".303" ni ó ṣì wà lára irin rẹ̀, ṣùgbọ́n ọta .303 kò wọlé. Mo ní láti da irin rírọ̀ tí ń tètè yọ́ sínú ilé ọta kí n lè wọn ohun tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀: ẹnì kan ti sọ ọ́ di 7.62x39, kò kọ nǹkan kan sí i, kò sì sí ìwé. Ọkọ rẹ̀ nìkan ni ó mọ̀, ó sì ti lọ. N kò lè fi orúkọ mi sí i pé ẹni tí ó bá rà á lè yin ín láìléwu. Igi, orí bóòtù àti àwọn irin kéékèèké nìkan ni mo bá a tà. Ó sọ fún mi pé ìbọn yẹn ni ọkọ òun fẹ́ràn jù lọ nínú ilé.

Kí ni kí ẹ wá ṣe? Ọ̀nà àkọ́kọ́, èyí tí mo fọkàn sí jù, ni kí ẹ kọ́ bí a ṣe ń tún ọta dì. Nínú owó ọta kan, ìkarahun idẹ ni ó ń gba apá tí ó tóbi jù, a sì lè lò ó lọ́pọ̀ ìgbà. Orí ọta, ẹ̀tù àti kápù (ohun kékeré ìdí ọta tí ń tan iná sí ẹ̀tù) nìkan ni ẹ ó máa rà. Fún Lee-Enfield, ohun pàtàkì kan wà níbẹ̀: ilé ọta wọn fẹ̀ díẹ̀, wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹrẹ̀ ojú ogun má bàa dí i lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń fún gbogbo ìkarahun pọ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, yóò máa nà, yóò máa fún, yóò sì já nítòsí ìdí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ọrùn rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fún, kí ara rẹ̀ máa jókòó bí ilé ọta yín ṣe rí, á sì pẹ́ gan-an lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú ìwé ìwọ̀n ẹ̀tù tí ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀tù náà tẹ̀ jáde. Ẹ má ṣe gba ìwọ̀n ẹ̀tù lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní pápá.

Ọ̀nà kejì, bí ó bá jẹ́ pé ọta 7.62x51 ni ó wù yín nínú Lee-Enfield, ẹ ra Ishapore 2A1. Wọ́n wà ní ọjà Amẹ́ríkà, a bí wọn mọ́ ọta náà. Bí ó bá sì jẹ́ pé agolo Rọ́ṣíà ni ọ̀rẹ́ yín fẹ́ fún yín, ìbọn Mosin ni a ṣe fún un. Ẹ rántí pé kápù ọ̀pọ̀ ọta ológun àtijọ́ ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pá, iyọ̀ náà ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin Houston yóò sì sọ ọ́ di ìpẹtà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Òróró kì í fọ iyọ̀. Omi gbígbóná ni a fi ń fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ náà gan-an, kí a nù ún gbẹ, kí a tó wá fi òróró sí i. Bí ọta àtijọ́ kan bá kọ̀ láti dún, ẹ jẹ́ kí ẹnu ìbọn wà ní ìdojúkọ ibi àfojúsùn, kí ẹ ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kí ẹ tó ṣí bóòtù, torí òmíràn ń pẹ́ kí ó tó dún.

Bí ẹ bá gbọ́ gbogbo èyí tí ọkàn yín kò sì kúrò lórí àyípadà, kí ó jẹ́ ọ̀pá tuntun tí a ṣe fún 7.62x51, lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ ìbọn tí ó ní ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀, tí ó ti ṣe Lee-Enfield rí, kì í ṣe fífẹ ilé ọta. Kí ó kọ orúkọ ọta tuntun sí ọ̀pá kí ó hàn gbangba. Kí ẹ gba ọ̀pá àtijọ́, orí bóòtù àti mágásíìnì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fi òróró pa wọ́n, kí ẹ dì wọ́n pamọ́ pẹ̀lú ìwé tí ó sọ ohun tí a ṣe àti ọjọ́ tí a ṣe é, kí ọmọ yín lè dá ìbọn náà padà sí bí ó ṣe rí.

Ọ̀rọ̀ òfin kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nítorí àwọn ará wa mìíràn tí yóò ka ìdáhùn yìí. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó wọlé pẹ̀lú físà onígbà díẹ̀, irú bí ti akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àbẹ̀wò, kò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́ lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, àyàfi nínú àwọn ipò díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ìwé àṣẹ ọdẹ. Òfin yìí kò de ẹni tí ó ní káàdì ìgbélùú. Ẹni tí ó bá wà ní Britain gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìwé àṣẹ rẹ̀ sọ irú ọta tí ìbọn rẹ̀ ń yin, ìbọn tí a bá sì yí ọ̀pá rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ kọjá ní ilé ìdánwò London tàbí ti Birmingham kí ó tó ṣeé tà. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ti ọdún 1959 ka ìbọn ológun mọ́ ohun tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní láìsí ìwé àṣẹ Ààrẹ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe dì í mọ́ ẹrù lọ ilé, ì báà jẹ́ ọta ẹyọ kan tí ó gbàgbé sínú àpò aṣọ.

Kí ẹ tó tún yin ìbọn náà, ẹ fa bóòtù rẹ̀ jáde láìsí ọta nínú rẹ̀, kí ẹ wo orí rẹ̀. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ láti 0 dé 3, ó ń sọ bí orí bóòtù náà ṣe gùn tó, òun sì ni ó ń pinnu àlàfo tí ó wà láàárín bóòtù àti ìdí ọta. Ẹ gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ kí ó fi irin ìwọ̀n yẹ àlàfo náà wò. Ẹ tún wo bóyá nọ́ńbà ara bóòtù àti ti ara ìbọn bá ara wọn mu. Ẹ kọ méjèèjì ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ohun tí alágbẹ̀dẹ bá rí, n ó sì sọ fún yín bóyá orí bóòtù mìíràn ni ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọta dì.